Òwú Pupa Etí Agbádá

Apá ọ̀tún ti bọ́. Àlájì Ràmọ́nì kò tíì mọ̀.

Ó ṣì na ọwọ́ sókè níwájú mọ́ṣáláṣí, ó ń juwọ́ sí èrò. Láwàní oyè Baba Àdínì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wé fún un wà lórí rẹ̀. Ó rò pé ayọ̀ ni àwọn ènìyàn fi ń ké. Lẹ́mọ́mù fi ìgbọ̀nwọ́ tọ́ ọ. Ó wo ilẹ̀. Apá agbádá sányán rẹ̀ wà nínú eruku. Ó bẹ̀rẹ̀ láti mú un, apá òsì sì bọ́. Ó dìde kíákíá. Ọrùn agbádá yọ̀ dé àyà, ìyókù sì rọra sọ̀ kalẹ̀ bí ẹni pé ó ti rẹ̀ ẹ́.

Ohun tí ó kù ní ara Baba Àdínì tuntun ni ṣòkòtò àti àwọ̀tẹ́lẹ̀ kan. Àpò ìyẹ̀fun ni wọ́n fi rán àwọ̀tẹ́lẹ̀ náà. Àkùkọ ńlá kan wà ní àyà rẹ̀, ó la ẹnu.

Ẹnì kan láàárín èrò kọ bí àkùkọ.

Ọdún 1984 ni, ní Ìsẹ́yìn, nígbà ọyẹ́. Sájẹ́ǹtì Ojúọlápé dúró lábẹ́ igi dóńgóyárò, ó ń wò. Ọmọ Òfíkì ni, kò lọ́rọ̀ púpọ̀ lẹ́nu. Kọ́ńsítébù Abíọ́nà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ọ̀gá, ṣé kí n mú un?"

"Ta ni?"

"Ẹnikẹ́ni."

"Dúró ná."

Àwọn èrò kò dúró. Wọ́n ti mú Jẹ́ẹ́dé, télọ̀ tí ó rán agbádá náà, wọ́n sì ń tì í síwájú. Àlájì fi ẹní ìkírun bora.

"Ládòkun ni ó rán ọ sí mi," ni ó wí. Ládòkun ni ẹni tí ó du oyè náà tí kò rí i gbà. "Lọ́la, lẹ́yìn ìrun Alásárì, ẹgbẹ́ télọ̀ yóò jókòó. Wọn yóò gba máṣíìnì rẹ. Kí o padà sí Komu lọ máa gbin iṣu."

 Orí ni Jẹ́ẹ́dé fi ru máṣíìnì náà láti Komu wá sí Ìsẹ́yìn nígbà tí ó ṣì lọ́mọdé. Òun ni ó fi ń bọ́ aya àti ọmọ. Máṣíìnì tí ẹgbẹ́ bá sì ti gbà, ẹgbẹ́ kì í dá a padà.

Sájẹ́ǹtì mú Jẹ́ẹ́dé lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, kí ẹnikẹ́ni má bàa lù ú. Abíọ́nà kó agbádá tí ó tú ká tẹ̀lé wọn. Nígbà tí Àlájì pààrọ̀ aṣọ nínú mọ́tò rẹ̀, Abíọ́nà mú àwọ̀tẹ́lẹ̀ náà pẹ̀lú.

"Ẹ̀rí ni," ni ó wí.

"Lọ dá a padà."

"Mo ti kọ nọ́ńbà sí i, ọ̀gá."

*

Sájẹ́ǹtì tẹ́ agbádá náà sórí tábìlì. Ó wò ó títí.

"Abẹ ni wọ́n fi gé e," ni Abíọ́nà wí.

"Wo òwú ìránṣọ."

Òwú funfun náà ṣì tò lọ ní etí apá kan, láti èjìká dé ọwọ́, bí èèrà tí ń lọ sóko.

"Ó já?"

"Kò já, ọ̀gá."

"Aṣọ ńkọ́?"

Abíọ́nà yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn. "Kò ya."

"Òwú kò já, aṣọ kò ya. Síbẹ̀ wọ́n ti kọ ara wọn sílẹ̀."

"Oògùn ni, ọ̀gá."

"Pe Jẹ́ẹ́dé wá."

Jẹ́ẹ́dé wọlé. Ó kí Sájẹ́ǹtì. Nígbà tí ó la ẹnu, Sájẹ́ǹtì rí i pé eyín iwájú rẹ̀ pọ́n, ètè rẹ̀ ìsàlẹ̀ sì wú.

"O jẹ obì?"

"Rárá o. Obì kì í jẹ́ kí n sùn."

"Kí ló pọ́n eyín rẹ?"

Jẹ́ẹ́dé pa ẹnu dé. Ó fi ọwọ́ bò ó.

"Ó mu oògùn," ni Abíọ́nà sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Mo wí bẹ́ẹ̀."

Sájẹ́ǹtì fi ọ̀rọ̀ eyín sílẹ̀. "Ta ló hun aṣọ yìí?"

"Ẹnì kan ni."

"Ẹni náà ní orúkọ."

"Èmi kì í pè é."

Abíọ́nà ni ó ṣàlàyé. Olúkúnlé ni ahunṣọ náà. Ní èṣí, Jẹ́ẹ́dé rán apá agbádá ọkùnrin ará Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí kan, ó dorí ọnà rẹ̀ kodò. Jẹ́ẹ́dé ní àmì tí Olúkúnlé fi sí etí aṣọ ni ó já bọ́. Olúkúnlé ní ojú Jẹ́ẹ́dé ni ó já bọ́. Láti ọjọ́ náà wọn kò kí ara wọn mọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ aṣọ tí ó dára ní ìlú náà, ọwọ́ àwọn méjèèjì ni yóò gbà kọjá.

"Báwo ni o ṣe ń mọ ohun tí ó fẹ́ nígbà náà?" ni Sájẹ́ǹtì bi Jẹ́ẹ́dé.

"Ìyàwó rẹ̀ ló ń gbé aṣọ wá. Òwú pupa máa ń wà ní etí rẹ̀. Ibi tí pupa bá wà, ibẹ̀ ni apá, tàbí ọrùn. Mo bá rán an bẹ́ẹ̀. Tí mo bá rán an tán, mo fa pupa yọ, mo gbé aṣọ fún olówó rẹ̀. Kò sí ohun tí èmi àti ẹni yẹn fẹ́ bá ara wa sọ ju ìyẹn lọ."

*

Ládòkun jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn, kò sì fi pamọ́.

"Ẹ káàbọ̀. Ṣé ẹ ti rí àkùkọ náà dè mọ́lẹ̀?"

"Bàbá, ẹ̀yìn Àlájì ni ẹ jókòó sí ní mọ́ṣáláṣí," ni Sájẹ́ǹtì wí. "Wọ́n ní abẹ wà lọ́wọ́ yín."

"Ó wà lọ́wọ́ mi. Òun nìyí."

Abẹ ìfárí ni, ti àtijọ́. Obì wà nínú àwo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ti rẹ́ ẹ wẹ́wẹ́.

"Ṣé kí n mú wọn, ọ̀gá?" ni Abíọ́nà wí.

"Rárá. Kí ni ẹ ń fi abẹ ṣe ní mọ́ṣáláṣí, bàbá?"

Ládòkun la ẹnu. "Eyín mẹ́ta ló kù níbẹ̀. Kò sí èyí tó kọjú sí èkejì rẹ̀ nínú wọn. Tí n kò bá rẹ́ obì, lílá ni n ó máa lá a bí iyọ̀."

Sájẹ́ǹtì sún mọ́ ọn. Ó wo inú ẹnu náà.

"Ẹ ya ẹnu díẹ̀ sí i."

"Sájẹ́ǹtì, ṣé o rò pé mo gbé oyè náà mì ni?"

"Èwo nínú àwọn tó lọ ni ó kán, èwo ni wọ́n fà?"

"Èyí kán. Kùkùté rẹ̀ nìyẹn. Èyí ni wọ́n fà ní Ṣakí. Wo ihò."

"Mo rí i. Ẹ ṣeun, bàbá."

Wọ́n jáde. Abíọ́nà kò lè pa á mọ́ra.

"Ọ̀gá, kí ni a rí níbẹ̀?"

"Ihò."

Wọ́n rìn díẹ̀.

"Ohun tí a bá gé, a máa fi kùkùté sílẹ̀," ni Sájẹ́ǹtì wí. "Ohun tí a bá fà, ihò ló ń fi sílẹ̀. Mo wo etí agbádá yẹn dáadáa. Ihò tín-tìn-tín ló tò síbẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gé nǹkan kan. Wọ́n fa nǹkan yọ."

"Kí ni wọ́n fà?"

"Mi ò tíì mọ̀."

*

Àdìjátù, ìyálé Àlájì, ni ó lọ agbádá náà. Àlájì ń fẹ́ ìyàwó tuntun. Gbogbo àdúgbò ni ó mọ̀ pé Àdìjátù kò fẹ́ ẹ.

"Ìyá Níkẹ́, ẹ̀yin ni ẹ lọ aṣọ."

"Èmi ni. Áyọ́ọ̀nù eléèédú nìyẹn lẹ́bàá ògiri. Ẹ mú un lọ sẹ́wọ̀n."

"Wọ́n ní inú ń bí yín sí Àlájì."

"Ó ń bí mi. Sájẹ́ǹtì, tí mo bá fẹ́ bọ́ aṣọ lára ọkọ mi, ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n ṣe. N kò nílò èrò."

Abíọ́nà wo ilẹ̀.

"Ẹ sì gbọ́," ni Àdìjátù wí. "Èmi kọ́ ni mo rán àwọ̀tẹ́lẹ̀ yẹn fún un. Fúnra rẹ̀ ni ó gbé e fún télọ̀. Ó ní kí a má ṣòfò àpò, ó ní ta ni yóò rí i."

"Nígbà tí Jẹ́ẹ́dé gbé agbádá wá, kí ni ẹ rí lára rẹ̀?"

"Ètè rẹ̀ wú. Ọwọ́ ni ó fi bo ẹnu bá mi sọ̀rọ̀. Mo rò pé ìyàwó rẹ̀ ni ó lù ú, mo sì bá obìnrin náà yọ̀."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín nínú yàrá. Níkẹ́ ni, ọmọ Àdìjátù, tí ó ti Ìbàdàn wá síbi ìwúyè. Sájẹ́ǹtì ní kí ó jáde wá.

"Iṣẹ́ wo ni o ń ṣe ní Ìbàdàn?"

"Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni, sà. Ní yunifásítì."

"Kí ni ó máa ń ṣe?"

"Ohun tí a bá ní kí ó ṣe gan-an. Kò ní fi ohunkóhun kún un."

"Ó sàn ju Abíọ́nà lọ. Ìwọ kò bá wọn rẹ́rìn-ín ní mọ́ṣáláṣí. Mo rí ọ. Ò ń wo ilẹ̀."

"Aṣọ náà ni mò ń wò, sà. Bí ó ṣe tú ló jọ mí lójú. Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ níbi iṣẹ́ wa láìpẹ́."

"Aṣọ já?"

"Rárá, sà. Ẹ̀rọ ńlá kan wà nínú yàrá tiwa, òun ló ń tọ́jú orúkọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ẹ̀rọ kékeré wà níwájú akọ̀wé ní ọ́fíìsì kejì. Èyí ńlá á to ojú ìwé tán, á fi ránṣẹ́ sí kékeré, kékeré á fi han akọ̀wé. Ìtọ́ni wà tí kékeré ní láti tẹ̀lé fúnra rẹ̀, irú bíi kí ó sọ fún akọ̀wé tí ó bá kọ nǹkan sí ibi tí kò yẹ. Ibi ọ̀tọ̀ là ń kọ ìtọ́ni yẹn sí. Ẹni tuntun kan dé, ó kọ ọ́ pọ̀ mọ́ ojú ìwé. Ó ní báyìí kò ní sọnù. Nígbà tí ẹ̀rọ kékeré lo ìtọ́ni tán, tí ó fẹ́ yọ ọ́ kúrò, ó yọ ìdajì orúkọ pẹ̀lú rẹ̀."

"Kí ni ẹ wí fún ẹni tuntun náà?"

"A ní ojú ìwé wà fún ẹni tí yóò kà á, ìtọ́ni wà fún ẹ̀rọ tí yóò ṣe é. Kí ó má pò wọ́n mọ́. Tó bá pò wọ́n, ọjọ́ tí a bá fẹ́ yọ ọ̀kan, èkejì á bá a lọ."

Sájẹ́ǹtì dìde. Ó gbàgbé láti kí ìyá Níkẹ́ pé ó dàbọ̀.

"Ṣé kí n mú ọmọbìnrin yẹn?" ni Abíọ́nà wí lójú ọ̀nà.

"Ìwọ ni n ó mú láìpẹ́."

*

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì wọ́n bá Olúkúnlé lábẹ́ àtíbàbà rẹ̀. Ó wà nídìí òfì. Òwú gùn lọ níwájú rẹ̀ dé ibi òkúta tí ó fà á le. Ọ̀kọ̀ tí ó fi ń ju òwú ń lọ, ó ń bọ̀. Kò dáwọ́ dúró.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ti gbọ́ nípa agbádá Àlájì."

"Mo gbọ́. Aṣọ mi kò ya."

"Kò ya."

"Ẹ sọ fún un."

"Fún Àlájì?"

"Fún ẹni yẹn."

"Ẹ kì í dárúkọ rẹ̀?"

"Ẹnu mi kò gbà á."

"Òun náà kì í dárúkọ yín."

"Ó ní ẹ̀kọ́ díẹ̀ nígbà náà."

Sájẹ́ǹtì jókòó sórí igi kan. Kì í bi ènìyàn léèrè ẹni tí ó ṣe nǹkan. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni ó máa ń bèèrè.

"Àmì pupa tí ẹ máa ń fi sí etí aṣọ. Ẹ ṣe é kí n rí i."

"Ti tẹ́lẹ̀ ni àbí ti ìsinsìnyí?"

Sájẹ́ǹtì kò mira. "Méjèèjì."

Olúkúnlé mú aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ó ti hun tán. Ó fi abẹ́rẹ́ gbé òwú pupa lé etí rẹ̀, ó gún un níbí, ó gún un lọ́hùn-ún. Òwú náà kàn sùn lórí aṣọ. Ó di orí rẹ̀ mú, ó fà á, ó sì jáde wọ́ọ́rọ́. Aṣọ kò mọ̀.

"Ti tẹ́lẹ̀ nìyẹn. Ewúrẹ́ lè fà á jáde. Ẹ̀gún lè fà á. Ó bọ́ ní èṣí, ẹni yẹn dorí apá kodò, ó sì dúró lójú ọjà, ó ní àmì mi kò wúlò. Lójú ọjà. Mo jókòó, mo ronú. Mo ní n ó ṣe àmì tí kò ní bọ́ láéláé."

Ó nawọ́ sí aṣọ tí ó wà lórí òfì. Níbi tí apá agbádá yóò ti bẹ̀rẹ̀, ó ti yọ òwú etí kúrò, ó sì ti fi òwú pupa rọ́pò rẹ̀. Gbogbo òwú tí ọ̀kọ̀ ń gbé wá, ara pupa náà ni wọ́n ti ń yí padà.

"Ó ti wọnú aṣọ. Ó ti di aṣọ. Jẹ́ kí ewúrẹ́ wá."

"Kí ni télọ̀ yóò ṣe sí i?"

"Yóò rán an, pupa á sì sá pamọ́ sínú ojú rírán. Kí ló tún fẹ́ ṣe sí i?"

"Ẹ sọ fún un pé kó fi í sílẹ̀ níbẹ̀?"

"A kì í sọ̀rọ̀," ni Olúkúnlé wí.

Sájẹ́ǹtì mí kanlẹ̀.

"Ọ̀gá, ṣé kí n mú wọn?"

"Mú aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ méjì. Irú ti ìsinsìnyí. Ìyẹn ni kí o mú."

*

Lẹ́yìn ìrun Alásárì, ẹgbẹ́ télọ̀ jókòó ní ṣọ́ọ̀bù alága wọn. Wọ́n ti gbé máṣíìnì Jẹ́ẹ́dé sí àárín. Jẹ́ẹ́dé ń wò ó bí ẹni tí ń wo ọmọ tí ó ń re ìrìn àjò. Àlájì Ràmọ́nì wọ agbádá mìíràn. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún di apá òsì rẹ̀ mú, ó fi ọwọ́ òsì di apá ọ̀tún. Ládòkun náà wá. Ó ní òun ń kọjá lọ ni.

"Kí ẹ tó gbé e lọ," ni Sájẹ́ǹtì wí, "ẹ jẹ́ kó fi rán nǹkan kan."

Ó gbé aṣọ méjì náà fún Jẹ́ẹ́dé. Jẹ́ẹ́dé wo òwú pupa, ó fi etí kan etí, ó sì rán an. Máṣíìnì náà dún dáadáa. Alága gba aṣọ, ó fà á. Kò tú. Àlájì náà fà á. Kò tú.

"Iṣẹ́ gidi ni," ni alága wí. Ọ̀rọ̀ náà bọ́ lẹ́nu rẹ̀ ni.

"Kò tíì parí," ni Sájẹ́ǹtì wí. "Jẹ́ẹ́dé, parí rẹ̀ bí o ṣe máa ń parí iṣẹ́."

Jẹ́ẹ́dé di orí òwú pupa mú. Ó fà á. Kò wá. Ó wo ojú alága.

"Bí o ṣe ṣe ti Àlájì gan-an ni kí o ṣe é."

Jẹ́ẹ́dé dojú bolẹ̀. Ó fi eyín mú òwú náà.

Àwọn télọ̀ kùn. Fífi eyín kan aṣọ oníbàárà, ìtìjú ni nínú ẹgbẹ́ wọn. Ìdí nìyẹn tí ó fi pa ẹnu dé ní àgọ́ ọlọ́pàá. Ó fà á títí, òwú pupa náà sì jáde tán. Nígbà tí ó gbé orí sókè, eyín rẹ̀ tún ti pọ́n.

Lójú, aṣọ náà ṣì pé. Òwú funfun wà ní ipò rẹ̀.

"Àlájì, ẹ fà á."

Àlájì ní láti jọ̀wọ́ apá agbádá rẹ̀ kí ó tó lè ṣe é. Ó fà á díẹ̀. Aṣọ méjèèjì pínyà, kò tilẹ̀ dún.



"Òwú pupa yẹn ni máṣíìnì gún mọ́ aṣọ," ni Sájẹ́ǹtì wí. "Òun ni etí. Nígbà tí ó kúrò, òwú ìránṣọ kò rí nǹkan kan dì mú mọ́ ju ihò lọ. Ó dúró bẹ́ẹ̀ títí tí Àlájì fi na ọwọ́ sókè."

"Kí ló dé tí o fi eyín fà á?" ni alága bi Jẹ́ẹ́dé.

"Ó le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo rò pé ó fi ń bínú sí mi ni."

"Ta ló jẹ̀bi nígbà náà?" ni Àlájì wí. "Ta ló rán wọn?"

"Kò sí ẹni tó rán wọn. Ọ̀kan fi òwú kan ṣe àmì, ó tún fi í ṣe aṣọ. Èkejì yọ àmì bó ṣe máa ń yọ ọ́, ó yọ aṣọ pẹ̀lú rẹ̀. Ohun tí ojú yóò rí, inú aṣọ ni kó wà. Ohun tí a fẹ́ kí télọ̀ ṣe, ìta ni ká so ó mọ́. Ọmọ yín Níkẹ́ ló kọ́ mi."

Àlájì ronú. Ó tún apá agbádá rẹ̀ dì mú.

"Ọ̀gá, ṣé kí n mú àwọn méjèèjì?" ni Abíọ́nà wí.

"Rárá."

Alága ní kí wọ́n gbé máṣíìnì padà sí ṣọ́ọ̀bù Jẹ́ẹ́dé. Nítorí eyín, ó ní kí ó mú àwo obì kan wá fún ẹgbẹ́.

"Kí ẹ bá mi rẹ́ tèmi," ni Ládòkun wí.

Olúkúnlé ti wà lẹ́nu ọ̀nà láti ìgbà tí aṣọ ti pínyà. Ó ní òun yóò hun òmíràn.

"Ẹ sọ fún un pé kó so àmì rẹ̀ le, ní ìta," ni Jẹ́ẹ́dé wí fún Sájẹ́ǹtì.

"Ẹ sọ fún un pé ọmọ ènìyàn ní ìka," ni Olúkúnlé wí fún Sájẹ́ǹtì.

"Ẹ ti gbọ́ ara yín," ni Sájẹ́ǹtì wí. Ó dé fìlà rẹ̀.

*

Agbádá kejì jáde kí ààwẹ̀ tó dé. Àlájì na ọwọ́ sókè nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, díẹ̀. Kò tú.

Abíọ́nà gbé àwọ̀tẹ́lẹ̀ náà lọ sí ilé Àlájì. Àlájì ní kì í ṣe tòun. Abíọ́nà bi Àdìjátù. Àdìjátù ní òun kò rí i rí láyé òun. Kọ́ńsítébù gbé e lọ sọ́dọ̀ Jẹ́ẹ́dé, Jẹ́ẹ́dé ní òun kì í rán àpò.

Ó wà nínú àpótí ẹ̀rí ní àgọ́ ọlọ́pàá Ìsẹ́yìn, pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀. Àkùkọ náà ṣì la ẹnu.